Géètì Tó Ń Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Ni

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà, 2025

Géètì ò gbọ́ràn lónìí. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Alaasari, èsì kan náà ló ń fún mi: yàrá ẹ̀yìn kò dáhùn.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ọkàn mi á balẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ́fíìsì wa ń ṣe ní Kokomlemle, ní Accra, ni pé kí àwọn kílíníìkì kéékèèké lè fi fóònù béèrè ẹ̀jẹ̀ níbi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí, kí wọ́n yé fi ìwé rán ènìyàn kiri ìgboro. A ò tíì gbé e jáde. Inú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lábẹ́ tábìlì mi la ti ń dán an wò. Kọ̀ńtéínà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, bíi yàrá mẹ́fà nínú agbo ilé kan. Kílọ́sítà làwọn oníṣẹ́ ń pè é. Níbí, Agbo Ilé ni mo ń pè é. Yàrá kan ń kọ orúkọ aláìsàn, òmíràn ń ka àpò ẹ̀jẹ̀, òmíràn ń ránṣẹ́ sí awakọ̀. Géètì kan ṣoṣo ló wà níwájú. Ohun tó bá ti ìta wá, òun ló ń gbà á, òun náà ló ń mú un lọ sí yàrá tó yẹ. Mutala, ẹlẹgbẹ́ mi, ló ni àwọn yàrá. Èmi ni mo ni géètì.

Ìyálóde ní Ọjọ́bọ̀ la máa fi iṣẹ́ náà han kílíníìkì kan ní Nima. Madam Olúwarẹ̀mílẹ́kún ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wa, ọmọ Ìbàdàn — ká má rí i kó gbọ́. Oṣù yìí náà ni ìgbà ìdánwò mi lẹ́nu iṣẹ́ ń parí.

Tó bá jẹ́ géètì ọjà ni, ẹ̀rù ò ní bà mí tó báyìí. Ẹni tó ra fáànù ní ọjà Okaishie, tí fáànù ò tètè dé, ooru lásán ló máa mú un. Ẹ̀jẹ̀ lèyí. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni ìyá mi kú. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ẹ̀jẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sáré lójú ọ̀nà. Sherifa ni ìyá mi ń jẹ́. Sherifa lèmi náà ń jẹ́. Láàárín àwa Alata, ọmọ Yorùbá tí a ti pẹ́ ní Nima, bí abiyamọ bá kú tó fi ọmọbìnrin sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọmọ. Ìyá Àgbà tó tọ́ mi kì í pe orúkọ yẹn. Àgbékẹ́ ló ń pè mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

Mo rí i! Ojú tì mí, àmọ́ mo rí i.

Mo ti kọ fún géètì pé kó wá àwọn yàrá lọ sí localhost, ìyẹn ni pé "ilé ibí yìí." Nígbà tí géètì ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà lásán, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun náà ti wọ inú kọ̀ńtéínà tirẹ̀ báyìí. "Ilé ibí yìí" lójú rẹ̀, inú ara rẹ̀ ni. Láti àná ló ti ń kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀.

Mutala rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní, "Chale, ọ̀rẹ́, o rán ọmọ níṣẹ́ sí ilé kejì, ó ń kágò fún ara ẹ̀." Jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Mo yí i padà, mo kọ orúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan síbẹ̀.

Ọ̀sán — àìsàn mìíràn. Ìbéèrè wọlé, géètì gbé e lọ sẹ́yìn, ó dákẹ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Ó kú. Kò sọ pé rárá, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló burú jù. Bí ènìyàn bá sọ pé rárá, wàá wá ibòmíràn lọ.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹfà

Orúkọ tọ́. Pọ́ọ̀tù, ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn, tọ́. Mo wọnú yàrá Mutala kan, mo pe yàrá kejì láti ibẹ̀: ó jẹ́ mi. Mo wọnú géètì, mo pe yàrá kan náà: kẹ́kẹ́ pa. Mo pa gbogbo Agbo Ilé, mo tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Mo da omi Milo sórí aṣọ.

Aago mẹ́ta, Ìyálóde yọjú. Ó ní, "Àbúrò, ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́, ma."

Kí ló ṣe mí? Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó ronú. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Bí Ìyá Àgbà bá ti inú yàrá pariwo pé, "Àgbékẹ́, o ti gbé omi kaná?" — "Mo ti ń gbé e, ma!" Ìkòkò ṣì wà ní gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í wo ojú àgbà kó sọ pé rárá. Ìgbà tó bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tán ló ń sáré lọ ṣe é.

Mo wá sáré. Mo kọ ìlà mẹ́rin sínú géètì: bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹ̀jẹ̀, má wulẹ̀ lọ sí yàrá kankan. Dá a lóhùn fúnra rẹ. Sọ pé, "A ti gba ìbéèrè yín. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀."

Ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Báwo ni kò ṣe ní ṣiṣẹ́? Mutala bi mí bóyá mo ti rí ohun tó ń ṣe é. Mo sọ fún òun náà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà mo la ihò kan láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà mi, kí àwọn nọ́ọ̀sì lè fi fóònù wọn dán an wò láti Nima. Fún ọ̀la nìkan. Bí a bá ti ṣe tán, màá dí ihò, màá sì pa ìlà mẹ́rin yẹn rẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mi ò mọ ibi tí mo máa fi ojú mi sí.

Kílíníìkì náà kéré, yàrá mẹ́ta àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ ń jẹ́ Zuweira, Sista Zuweira ni gbogbo wọn ń pè é. Obìnrin tó ga, tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ èyíkéyìí dán an wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn àna wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: ẹ jẹ́ ká fa ẹ̀jẹ̀ sí ìyá ọkọ mi lára, bóyá inú rẹ̀ á tutù! Fóònù ń dún lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀.

Sista Zuweira bi mí pé, "Sista Sherifa, ṣé a ti bọ́ lọ́wọ́ ìwé nìyẹn?"

Mo la ẹnu. Ìyálóde ló dáhùn. Ó ní wọ́n ti bọ́ pátápátá, pé láti òní lọ ó ti di tiwọn. Bóyá ayọ̀ ló mú un sọ ọ́. Ṣé mo máa wá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọ̀gá mi níwájú àlejò? Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Sista Zuweira kọ àdírẹ́sì náà gàdàgbà sórí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì rẹ̀.

Mo fẹ́ padà lọ bá a. Trotro, bọ́ọ̀sì tó máa gbé wa padà, ti dé.

Jímọ̀, 6 Oṣù Kẹfà

Iléyá. Ẹran, ẹran, ẹran. Ìyá Àgbà ní mò ń jẹun bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹfà

Òjò. Mi ò tíì dí ihò yẹn. Ọ̀la.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹfà

Ta ló ń kan géètì mi?

Mo dé ọ́fíìsì, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ géètì kí n tó pa ìlà mẹ́rin yẹn rẹ́. Ìbéèrè méje ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀. Kò sẹ́nì kankan ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo wo ibi tí wọ́n ti wá. Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tèmi ni! Gbogbo méjèèje, láti inú ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ mi sórí àga. Òótọ́ ni mò ń kọ yìí, èmi tí mo kàwé gboyè, mo ká ẹsẹ̀ sókè bí ọmọdé tí wọ́n fi egúngún dẹ́rù bà.

Ó tó wákàtí kan kó tó yé mi. Ihò yẹn ni. Ohun tó bá gba ibẹ̀ wọlé, géètì ò lè rí ojú ẹni tó rán an. Ihò nìkan ló ń rí, inú ilé mi sì ni ẹnu ihò náà wà.

Ó dáa, àwọn nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ń dánra wò. Orúkọ àna wọn ni. Bí mo bá dí i báyìí, wọ́n á pe Ìyálóde, Ìyálóde á bi mí, kí ni mo máa sọ? Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹfà

Kò yẹ kí n ti ka àkọsílẹ̀ géètì lẹ́ẹ̀kejì.

Mẹ́rin nínú méje, orúkọ àna ni lóòótọ́. Mẹ́ta yòókù, Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá: Ràṣídátù, ọdún mẹ́tàlélógún, O-nẹ́gátíìfù, àpò méjì, kíákíá.
Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n: Ràṣídátù, O-nẹ́gátíìfù, àpò méjì, kíákíá.
Aago mẹ́wàá kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú: Ràṣídátù. Àpò mẹ́ta.

Mo bi Mutala, bí ẹni ń ṣeré, bóyá ètò kan lè máa tún ìbéèrè kan náà rán fúnra rẹ̀. Ó ní ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ iye ìṣẹ́jú-àáyá kan náà ló máa ń wà láàárín wọn, kò sì ní yí iye padà.

Àpò méjì di mẹ́ta. Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣeré pẹ̀lú orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dúró ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni géètì mi dá a lóhùn. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀.

Yéè, mo gbé!

Mo mú nọ́ńbà kílíníìkì jáde. Mo gbé e síwájú mi láti aago méjìlá títí di márùn-ún. Mi ò pè. Ẹ̀rù bà mí. Bí mi ò bá pè, ó ṣì lè jẹ́ eré. Mo kọ ọ́ síbí kí n má lè sọ lọ́la pé mi ò mọ̀.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà

Mo tún géètì ṣe. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí lẹ́kún.

Mo ní kí n fi iṣẹ́ bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀. Mo ka gbogbo òfin tó wà nínú Agbo Ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí Mutala kọ láti oṣù kẹrin: ẹni tí kò bá ní àmì "ará ilé" lára, kí yàrá kankan má dá a lóhùn. Kì í ṣe kí wọ́n lé e o. Kí wọ́n má dá a lóhùn. Géètì mi ò ní àmì yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi kún un — ìdákẹ́jẹ́ ti tán. Tí mo bá ti sọ fún Mutala ní Ọjọ́rú tó kọjá pé, "Rárá, kò tíì ṣiṣẹ́," ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Òun ló kọ òfin náà!

Mo pa ìlà mẹ́rin rẹ́. Géètì wá ń lọ béèrè lọ́wọ́ yàrá ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́. Kò sì sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀, ilé ìdánwò ni, òdo ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà ó ń sọ òótọ́: "Kò sí."

Kò pé wákàtí kan tí fóònù ọ́fíìsì dún. Èmi ni mo gbé e. Ohùn Sista Zuweira. Ó ní ìbéèrè kan ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, fún ọkùnrin kan tí àìsàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le, fóònù sì ní kò sí. "Kí ló dé tó ń kọ̀ lónìí? Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń gbà."

Mo ní kó fi ìwé ránṣẹ́, bíi ti tẹ́lẹ̀, báyìí báyìí. Mo ní kó má fọwọ́ kan àdírẹ́sì yẹn mọ́. Lẹ́yìn náà mo bi í: Ràṣídátù ọjọ́ Àbámẹ́ta ńkọ́?

Mo ń gbọ́ ọmọ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ orúkọ ẹ̀?"

Mo dí ihò náà. Ó ti pẹ́ jù.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹfà

Mo lọ. Mo bọ́ nínú trotro, mo wọlé bá Sista Zuweira ní kílíníìkì.

Ràṣídátù bímọ láago mẹ́wàá, obìnrin, ọmọ náà le koko. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Sista Zuweira fi fóònù béèrè. Fóònù ní ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n ń dúró. Ó tún béèrè. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Àlàmú ọkọ Ràṣídátù fẹ́ gba ìwé kó máa fi ọ̀kadà lọ, Sista Zuweira ló ní kó dúró, pé mọ́tò ẹ̀jẹ̀ á kọjá rẹ̀ lọ́nà. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ló ju fóònù nù tó sì kọ ìwé. Ogójì ìṣẹ́jú ti lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní dídákú. Láti ìgbà yẹn, ìdílé ò sọ bó ṣe wà, ìpè ìsọmọlórúkọ nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Àwọn aláṣẹ ti ní kí Sista Zuweira kọ ìwé àlàyé: kí ló dé tó fi jókòó? Ó ń bi èmi náà. "Kí ló dé tí mo fi jókòó, Sista Sherifa? Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́. Mo jókòó, mò ń wo fóònù."

Ó rò pé mọ́tò ló bàjẹ́ lọ́nà. Mi ò sọ. Mi ò sọ òótọ́ fún un.

Ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni ìsọmọlórúkọ, ní ilé Àlàmú, pé kí n bá òun lọ.

Jímọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Alata ni wọ́n. Bí Ràṣídátù bá ti kú, Ràṣídátù ni wọ́n máa pe ọmọ yẹn lọ́la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

Agbo ilé kan bíi tiwa gẹ́lẹ́. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, mi ò lè jókòó. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa ìyá ọmọ, èmi náà ò sì lè béèrè. Kí ni mo máa sọ pé mo jẹ́ sí i? Ìyá àgbàlagbà kan ló gbé ọmọ. Mo wo ojú rẹ̀, bóyá màá rí ẹkún níbẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Bí Ìyá Àgbà ṣe gbé èmi náà nìyẹn, bóyá ojú rẹ̀ gbẹ bẹ́ẹ̀.

Àáfà ṣe àdúà títí. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Àlàmú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ orúkọ ọmọ sí àáfà létí. Mo bẹ Ọlọ́run, mo ní orúkọ yòówù, orúkọ yòówù, má jẹ́ kó jẹ́ èyí yẹn.

Àáfà ní, "Afeefah."

Mo di táǹkì mú. Àlàmú sì gbé fóònù rẹ̀ sókè, ohùn obìnrin kan jáde níbẹ̀ láti ọsibítù, ohùn tó ti rẹ̀, ó ní, "Ẹ tún un pè, mi ò gbọ́ dáadáa." Gbogbo ilé hó yèè. Wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta fún ìyá ọmọ. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ìyá tó gbé ọmọ wá bá wa, ó rò pé nọ́ọ̀sì lèmi náà. Ó ní kí a bá òun dúpẹ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: wọ́n ti gbé ilé ọmọ kúrò lára Ràṣídátù kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Àkọ́bí rẹ̀ nìyí, òun náà sì ni àbíkẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.

Sista Zuweira kúnlẹ̀ níbẹ̀, níwájú ìyá náà. Ó ní ẹ̀bi òun ni. Mo wò ó tó kúnlẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo sì dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹfà

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà. Kò bú mi. Ó ní, "Sherifa, dìde lọ sọ ọ́." Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tó pe orúkọ yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹfà

Mi ò kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì. Kílíníìkì ni mo lọ, aago méje àbọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Sista Zuweira: ìlà mẹ́rin, géètì, pé kò sí mọ́tò kankan lọ́nà, kò sí ìgbà kankan tí mọ́tò wà.

Kò pariwo. Ó ní, "Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rí i?"

Mo ní kò sí.

Ó yọ páálí yẹn kúrò lára ògiri, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó gbé bírò lé e. Mo kọ ohun tí mo ṣe sí ẹ̀yìn àdírẹ́sì tèmi fúnra mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sínú fáìlì, kò sì wo ojú mi mọ́.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ni mo dé ọ́fíìsì. Ìyálóde ti wà lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ ń dùn, kílíníìkì méjì mìíràn ti pè é. Ó ní, "Àbúrò, ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

Mo ní, "Rárá, ma."

Ohùn ara mi dẹ́rù bà mí. Mo wá sọ ìyókù. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó. Ó di orí mú. Ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó bi mí wò bóyá Mutala mọ̀. Mo ní kò mọ̀. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ mi, ó wá ń fi ohùn ìyá bá mi sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́: obìnrin náà ṣáà yè. Ọmọ yè. A ti tún géètì ṣe. Iṣẹ́ yìí máa gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún là lọ́la. "Torí náà, láàárín èmi àti ìwọ ló máa wà. Ṣé o gbọ́?"

Ó ń dúró de bẹ́ẹ̀ ni, ma. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ó ti wà lórí ahọ́n mi.

Mo ní, "Rárá, ma. Ó ti wà lọ́wọ́ Sista Zuweira ní kíkọ. Mo ti fọwọ́ sí i kí n tó wá kí yín."